Ta Ni Ó Bẹ̀ Ọ́ Níṣẹ́? Èrò Wa Lórí Ìmísí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Bídọ̀n Romuald Hazoumè

Nínú kíláàsì wa, nígbà tí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ewì ní èdè Yorùbá tàbí kí wọ́n ya àwòrán kan, ìdáhùn kan wà tí a ti gbọ́ títí ó fi sú wa: “Ẹ jọ̀ọ́, ìmísí kò tíì dé.” Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ á ká apá sórí tábìlì, á máa wo ojú fèrèsé. Àwọn àgbà tí a jọ ń ṣe ẹgbẹ́ náà ní tiwọn láti sọ. Wọ́n ní ìmísí ti kúrò lára àwọn ọ̀dọ́ òde òní, pé ìdí nìyẹn tí orin ẹ̀fẹ̀ tuntun fi ṣọ̀wọ́n, tí agbẹ́gilére kò sì rí ọmọ iṣẹ́ mọ́. Ọmọ ń dúró de ìmísí, àgbà ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. A fẹ́ fi àyè yìí bi ara wa léèrè bóyá ìmísí ni ó sọnù lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an yẹ ní àgbéyẹ̀wò. Inú Bíbélì Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé “ìmísí”, níbi tí ó ti jẹ́ èémí Ọlọ́run tí ó bà lé àwọn tí ó kọ Ìwé Mímọ́. Nígbà tí a dé lísè, ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Faransé fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí ó bá ka La Nuit de mai tí Alfred de Musset kọ ní 1835 yóò rántí akéwì tí ó dá wà ní òru, tí òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Muse ń rọ̀ ọ́ pé kí ó gbé ohun èlò orin rẹ̀. A kò rí ohun tí ó burú nínú èyí tàbí nínú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò gbà pé ẹni tí yóò ṣe ọnà kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó jókòó kí ó máa retí lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Art and Language tí ó jáde ní 2014, tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fúnra wọn fi ń ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà: ojú inú, ojú ọnà, ìfarabalẹ̀, àti ọ̀kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ mọ́, ìlutí. Bí a bá sọ pé òrìṣà kan lutí, ohun tí a ń sọ ni pé bí a bá pè é, ó ń gbọ́, ó sì ń dáhùn. Iṣẹ́ ọnà tí ó lutí ni èyí tí ó dá ẹni tí ó pè é lóhùn. Àmọ́ kí ohun kan tó lè dáhùn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti pè. Ìpè yìí ni a rò pé ó sọnù láàárín wa.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ogún àtẹnudẹ́nu tí aráyé gbọ́dọ̀ tọ́jú, ní 2008 ni ó sì wọ inú àkọsílẹ̀ àjọ náà. A máa ń fi ìkéde yìí yangàn ní gbogbo ìpàdé. A kì í sábà bèèrè bí iṣẹ́ náà ṣe ń ti ọwọ́ ẹni jáde. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére kan ṣàdédé jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwòrán kan sì ti wà lọ́kàn rẹ̀. Òjò lè pẹ́ kí ó tó rọ̀, àìsàn lè máa jà nílùú, ọdún lè pé tí a gbọ́dọ̀ tu àwọn ìyá wa lójú. Ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á pàdé, wọ́n á dá ọjọ́, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí agbẹ́gilére: igi méjì tí ó bá ara wọn mu ni a fẹ́, nítorí méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń jó, kí ó sì jẹ́ irú èyí tí àdúgbò kejì kò ní. Ọjọ́ ti wà nílẹ̀, oníjó ń retí, àwọn ìyá ń wò. Agbẹ́gilére náà kò ní àyè láti sọ pé ìmísí kò tíì dé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tí yóò kọrin ẹ̀fẹ̀ lóru, ní ojú ọjà. Lẹ́yìn tí ó bá ti júbà tán, ọ̀rọ̀ ọdún náà ni yóò fi kọrin: ẹni tí ó kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ọmọ tí ó tàbùkù ìyá rẹ̀, olóyè tí ó gba ilẹ̀ opó. Tipẹ́tipẹ́ ni ó ti ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ ní ìkọ̀kọ̀, láti ẹnu ọlọ́jà, láti ọ̀nà odò, láti ibi òkú. Ohun tí àwọn ará ìlú kò lè sọ lójú ara wọn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Bí ó bá kùnà, gbogbo ọjà ni yóò mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwa tí a ti dúró níbẹ̀ rí mọ̀ pé àwọn obìnrin kì í fi ẹnu bo ìkùnà.

A sì gbọ́dọ̀ kíyè sí ibi tí òmìnira agbẹ́gilére wà. Ìsàlẹ̀ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ojú ènìyàn ni: ó tutù, ó dákẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra láti ìlú dé ìlú. Òkè rẹ̀ ni ilé àrà. Níbẹ̀ ni a ti rí ejò tí ó ń gbé ẹran mì, ọlọ́jà tí ó ru igbá, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, ọkọ̀ òfúrufú. Ní agbègbè Kétu, a ti rí ère tí a ń fa okùn rẹ̀ kí ó lè máa mira lórí oníjó. Ta ni ó mí ọkọ̀ òfúrufú sínú ẹni tí ó gbẹ́ ẹ? Ìlú ti rí i lókè, ìlú ti ń sọ ọ́, ẹgbẹ́ sì fẹ́ ohun tí ojú kò tíì rí lórí oníjó. Àṣà fún un ní ìsàlẹ̀, ìpè fún un ní òkè. Kifouli Dossou, agbẹ́gilére ará Cové, tún fi èyí hàn wá nítòsí nínú ọ̀wọ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Le Sondage: ohun tí àwọn ará ìlú ní àwọn fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ni ó gbẹ́ sórí igi.

Romuald Hazoumè, tí a bí sí ìdílé Yorùbá ní Àjàṣẹ́ ní 1962, kò gbẹ́ igi. Bídọ̀n ni ó sọ di ìbòjú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí a ń sọ, nítorí Kaléta, eré ìbòjú tí àwọn ọmọdé ń ṣe kiri àdúgbò ní àkókò Kérésì, wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ sún un dé ìdí ìbòjú. (Ẹni tí ó bá dàgbà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Ouidah mọ̀ pé ọmọ Kaléta tí ìbòjú rẹ̀ kò bá dára yóò lọ sílé láìrí owó gbà.) Bídọ̀n tí ó ń lò ni irú èyí tí wọ́n fi ń kó epo kpayo wọlé láti Nàìjíríà lórí alùpùpù. Wọ́n ń fi iná mú wọn wú kí wọ́n lè gba epo púpọ̀ sí i. Wọ́n á lò wọ́n títí wọn yóò fi tín-ín-rín, títí wọn yóò fi bẹ́, wọ́n á sì jù wọ́n nù. Ojoojúmọ́ ni gbogbo wa ń rí wọn. Hazoumè yí wọn padà, ó rí ẹnu ní ojú ihò tí a ń gbà da epo, ó rí imú ní ibi ìdìmú.

Iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ga jù lójú tiwa ni La Bouche du Roi, tí ó ṣe láti 1997 títí di 2005. Orúkọ ibì kan ní etíkun wa ni, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, tí a ti kó ẹrú lọ láyé àtijọ́. Ìbòjú bídọ̀n 304 ni ó tò sílẹ̀ ní ìrísí Brookes, ọkọ̀ akẹ́rú ti Liverpool, tí àwọn tí ń bá òwò ẹrú jà tẹ àwòrán rẹ̀ jáde ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún láti fi hàn bí a ti ń to ènìyàn bí igi ìdáná. Ohùn ń jáde láàárín àwọn ìbòjú náà ní èdè Yorùbá, Mahi àti Wémè. Òórùn wà níbẹ̀. Fídíò àwọn tí ń fi alùpùpù gbé epo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìbòjú méjì sì yàtọ̀ sí ìyókù: ọ̀kan aláwọ̀ ìyeyè fún ọba òyìnbó, ọ̀kan dúdú fún ọba ilẹ̀ wa.

Ìbòjú dúdú yìí ni ó mú kí a gba iṣẹ́ náà gbọ́. Ì bá rọrùn láti ṣe ohun tí yóò nàka sí òyìnbó nìkan, kí a wò ó tán kí a sì lọ sílé pẹ̀lú ọkàn fífúyẹ́. Hazoumè kò jẹ́ kí a sá. Ẹni tí ó so bídọ̀n mọ́ ara alùpùpù lónìí, tí iná lè jó lọ́la kí ẹlòmíràn lè jèrè, ó gbé e sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn tí a tà.

A kò ní tìtorí pé ọmọ Àjàṣẹ́ ni kí a dákẹ́ lórí èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ìbòjú rẹ̀ tí ó dá dúró, a rí èyí tí ó jẹ́ pé àwàdà nìkan ni ó gbé e ró: a wò, a rẹ́rìn-ín, a kọjá. Ojú ọnà wà níbẹ̀, ìbéèrè kò sí. Lẹ́yìn La Bouche du Roi, ìbéèrè kan wà tí ẹ̀rín kò lè paná rẹ̀: ta ni ó tà wá, ta ni ó sì ń tà wá títí di òní?

Ta ni ó wá bẹ Hazoumè níṣẹ́? Bí a bá ní àwọn tí a kó lọ láti etíkun náà ni ó pè é, a kò ṣàsọdùn. Ṣùgbọ́n òkú kì í sanwó iṣẹ́. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ra La Bouche du Roi, tí ó sì ṣe àfihàn rẹ̀ ní 2007, nígbà tí ó pé 200 ọdún tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú. Ní ọdún kan náà, ní documenta 12 ní Kassel ní Jámánì, ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Dream, tí òun náà jẹ́ bídọ̀n, gba ẹ̀bùn Arnold Bode. Inú wa dùn sí i. Síbẹ̀, ohùn Yorùbá ni ó ń jáde nínú iṣẹ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá yóò rí i ní Lọ́ńdọ̀nù, físà ni yóò kọ́kọ́ wá.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ìbẹ̀níṣẹ́ náà a máa ba ọnà jẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ère fún àwọn àlejò ní Kútọnu, ẹ ó rí ogún ìbòjú tí wọ́n jọra bí ẹyin inú agbọ̀n kan. Àwọn tí ó gbẹ́ wọn kò ya ọ̀lẹ, owó ni ó pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí àlejò náà fẹ́ ni ohun tí ó ti rí nínú àwòrán kí ó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú, ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ń bèèrè ohun tí àdúgbò kejì kò ní. Ẹni tí ó bá ń bèèrè irú ti àná ń sanwó fún ọwọ́ nìkan.

Ní ọdún tí ó kọjá, a yí ọ̀nà wa padà díẹ̀ nínú kíláàsì. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ewì. A ní kí olúkúlùkù lọ bi ẹnìkan ní àdúgbò rẹ̀ pé, “Orin wo ni ẹ fẹ́ kí a kọ fún yín?” kí ó sì kọ ọ́. A kò ní parọ́: bí ìdajì wọn ni ó mú àdúrà àti oríkì tí a ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí a mọ̀ dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn tí ń wo ojú fèrèsé, lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ tí ń ta epo nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ìyá náà ní orin tí òun fẹ́ ni èyí tí yóò sọ fún àwọn oníbàárà òun pé kí wọ́n yé mu sìgá nídìí epo òun. Ọmọ náà kọ ìlà 22. Ìlà mẹ́ta nínú wọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní kí ó tún un kà. Ìyá náà há a sórí, àkàrà ni ó sì fi sanwó iṣẹ́.

Ní ẹgbẹ́ tiwa, nígbà tí ọjọ́ ọdún bá ń bọ̀, a máa ń ra aṣọ ẹgbẹ́, a máa ń háyà àtíbàbà àti ìjókòó, a ń pe ẹni tí yóò fi ẹ̀rọ lu orin tí a ti gbà sílẹ̀ láti ibòmíràn. Láti ìgbà tí a ti wọ ẹgbẹ́ yìí, a kò tíì rí ọdún kan tí a bẹ agbẹ́gilére kan tàbí akọrin kan níṣẹ́ tuntun. Nítorí náà, ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, a ó gbé ẹ̀bẹ̀ kan kalẹ̀: kí a paṣẹ́ igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì fún agbẹ́gilére kan ní agbègbè Kétu, kí a ní kí àwọn ọmọ lísè kọ orin ẹ̀fẹ̀ kan, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn sì mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí orin náà sọ wá. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù pé orin náà lè kan òun, kí ó tètè bá akọ̀wé sọ̀rọ̀.