Ilé Àjọgbé ni Array.prototype

Nínú JavaScript, èdè tí Brendan Eich ṣẹ̀dá ní Netscape ní ọdún 1995, Array.prototype ni gbogbo àtòjọ ti ń jogún iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ tuntun síbẹ̀, àtòjọ gbogbo tó wà lójú ewé náà ni yóò jogún rẹ̀, títí kan èyí tí ẹlòmíràn ṣe. Àyè ńlá ni. Ewu ńlá sì ni.

MooTools, àkójọ kóòdù tó gbajúmọ̀ nígbà kan, lo àyè náà. Ó fi flatten síbẹ̀, kí àwọn àtòjọ tó wà nínú ara wọn lè di ẹyọ kan. Èmi kò bá wọn wí pé wọ́n wá ohun tí èdè náà kò fún wọn; àìní ló fà á. Ibi tí wọ́n gbé e sí ni mo ń bá wí.

Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ TC39 tó ń ṣètò èdè náà fẹ́ fi flatten tiwọn kún un. Bí Firefox Nightly ti gbé e jáde, ìkànnì kan tó ń lo MooTools bàjẹ́. MooTools àtijọ́ máa ń fi for-in ka orúkọ iṣẹ́ Array, kí ó lè dà wọ́n kọ sára Elements tirẹ̀. Ṣùgbọ́n for-in kì í rí iṣẹ́ àbínibí. MooTools kọ flatten tirẹ̀ lé ti àbínibí lórí, síbẹ̀ orúkọ náà ṣì fara pamọ́, Elements kò sì rí i gbà.

Ẹnìkan fi àwàdà dábàá smoosh. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n mú flat, ó sì wọ inú ìlànà ọdún 2019. Ìpinnu náà tọ́: ẹni tó ń ka ìkànnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò yẹ kó jìyà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń san gbèsè ẹnìkan.

Àwọn kan ní kí a kọ́kọ́ wò bóyá orúkọ náà ti wà, kí a tó fi tiwa sí i. Ìyẹn kò tó. Bí ti àbínibí bá dé lọ́la, tí ìṣe rẹ̀ sì yàtọ̀, kóòdù wa yóò yí padà láìsọ fún wa. Àfi kí iṣẹ́ náà ti wà nínú ìlànà, kí a kàn máa bá bráúsà àtijọ́ dí àlàfo. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù kọ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì fi àtòjọ lé e lọ́wọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.