Ìmọ́lẹ̀ àti Ìkùukùu Nínú Ìwé Watson àti Crick

Ìwé kékeré tí James Watson àti Francis Crick kọ sínú Nature ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1953 kò ju ojú ewé kan àti díẹ̀ lọ. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì máa ń nawọ́ sí bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ìwé tí òun lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wọn kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá fi í kọ́ ọmọ ní láti kà á dé orí ìlà ìdúpẹ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Kí á kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Gbólóhùn kìíní ti sọ ohun tí wọ́n bá wá: wọ́n fẹ́ dábàá bí a ti to DNA. Kò sí ìtàn bí sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi í kún ojú ewé mẹ́ta kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Linus Pauling àti Robert Corey ti sọ ṣáájú pé ẹ̀wọ̀n mẹ́ta ni ó wà nínú DNA. Watson àti Crick sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì mú ìdí méjì wá láìbú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá gbé tiwọn kalẹ̀: ẹ̀wọ̀n méjì tí ó lọ́ yí igi àárín kan ṣoṣo ká, bí okùn tí a lọ́, phosphate wà lóde, àwọn ìpìlẹ̀ mẹ́rin wà nínú, adenine kì í bá ẹlòmíràn ṣe méjì àfi thymine, guanine kì í bá ẹlòmíràn ṣe é àfi cytosine. Àwòrán kan ni ó wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé àpẹẹrẹ lásán ni. Wọ́n tilẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má tíì gba ọ̀rọ̀ náà bí òtítọ́ tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àfi bí a bá fi ìwọ̀n tí ó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ pé ìsopọ̀ méjì-méjì yìí fi hàn bí DNA ti lè ṣe àdàkọ ara rẹ̀. Àwọn kan pe èyí ní ìrẹ̀lẹ̀. Ó jọ ti ọdẹ tí ó pa erin, tí ó wọ̀lú, tí ó ní òun rí ẹran díẹ̀ nínú igbó.

Níbo ni wọ́n ti wá rí ìmọ̀ tí wọ́n fi mọ ilé yìí? Fún ti Pauling àti Corey, wọ́n sọ gbangba pé àwọn yẹn fi inú rere jẹ́ kí àwọn rí ìwé wọn kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, ìkùukùu bo ojú ewé. Wọ́n ní àwọn kò mọ kúlẹ̀kúlẹ̀ èsì tí a tẹ̀ tẹ̀lé tiwọn nígbà tí àwọn ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n ní orí ohun tí a ti tẹ̀ jáde ni iṣẹ́ àwọn dúró lé jù, bí kò tilẹ̀ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ní mímọ̀ tí àwọn mọ bí èsì àti èrò Maurice Wilkins, Rosalind Franklin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti rí lápapọ̀ ni ó ta àwọn jí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1952, Raymond Gosling, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Franklin, ya àwòrán ẹ́kísíréè DNA tí a wá mọ̀ sí Photo 51. Ní oṣù kìíní ọdún 1953, Wilkins fi í han Watson, Franklin kò sì mọ̀. Ní oṣù kejì, Max Perutz fi ìròyìn iṣẹ́ King's, tí ìwọ̀n tí Franklin ṣe wà nínú rẹ̀, lé àwọn ará Cambridge lọ́wọ́. Láti inú ìwọ̀n yìí ni Crick ti rí i pé ẹ̀wọ̀n kan ń gòkè bí èkejì ti ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí ha ni mímọ̀ lápapọ̀ bí?

Ẹni tí ó bá gbìyànjú láti sọ ìlà ìdúpẹ́ yẹn ní Yorùbá yóò rí ibi tí ó ti ń yọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìmọ̀ lè dé bá ènìyàn láìsí ẹni tí ó gbé e wá. Yorùbá a máa béèrè pé: ta ni ó fi hàn yín? Lóòótọ́, èdè wa náà ní “wọ́n” tí ọ̀rọ̀ lè sá sí abẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà tí kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ ibẹ̀ dáadáa; ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọ́ “wọ́n ní” tí kò mọ̀ pé a fi orúkọ kan pamọ́. Àwọn àgbà sì ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ti ibí yìí tún ju òwe lọ, nítorí ẹni tí ó ṣe oore kò mọ̀ pé òun ń ṣe é.

A kò gbọdọ̀ sọ ọ̀ràn náà di olè jíjà. Perutz ṣàlàyé ní ọdún 1969 pé ìròyìn náà kì í ṣe ìwé àṣírí, ó sì gbà pé ó yẹ kí òun ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Randall tí ó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Ìwé Franklin àti Gosling pẹ̀lú jáde nínú Nature ọjọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n nítorí pé òun ni ó gbẹ̀yìn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dà bí ẹlẹ́rìí tí a pè wá láti ti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn, nígbà tí ó jẹ́ pé orí iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹni náà dúró lé.

Watson àti Crick mọ bí ó ti yẹ kí a kọ ọ́. Nínú ìwé gígùn tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé Royal Society ní ọdún 1954, wọ́n sọ nínú àkíyèsí ìsàlẹ̀ pé láìsí èsì King's, kò dájú pé iṣẹ́ àwọn ì bá ṣeé ṣe. Gbólóhùn yẹn mọ́ kedere bí gbogbo ìyókù iṣẹ́ wọn. Franklin kú ní oṣù kẹrin ọdún 1958, ní ọmọ ọdún 37. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962. Ìwé tí Watson kọ ní 1968 ni ó sì jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa àwòrán náà. Títí di òní, ojú ewé ti 1953 ni a ń fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Àwọn tí ó ṣí ti 1954 wò kò tó nǹkan.