Ẹ̀rí Tí Kò Tíì Parí: Àtúnkà Lẹ́tà Àjàyí Crowther ti Ọdún 1837 lórí Ìjìyà àti Ìrètí

Bóyá ni a fi lè rí oníwàásù kan láàrin wa tí kò tíì lo ìtàn Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther rí. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ kò ju báyìí lọ: wọ́n kó o lẹ́rú, Ọlọ́run gbà á, ó di bíṣọ́ọ̀bù, nítorí náà, ìwọ tí ojú ń pọ́n lónìí, fọkàn balẹ̀, ipò gíga ń bọ̀. Ìjọ á ṣe "Àmín", a ó sì kọjá sí kókó tó kàn. Èmi náà ti wàásù rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó mú mi padà lọ ka lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ ni ìsìnkú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan nínú ìjọ tí mò ń bójú tó. Mo dúró lẹ́bàá ibojì, mo sì sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé Ọlọ́run tó sọ ọjọ́ tí wọ́n mú Àjàyí lẹ́rú di ọjọ́ ìbùkún yóò sọ ọjọ́ yìí náà di ọjọ́ ìbùkún. Ìyá ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó dúró títí àwọn èèyàn fi ń lọ tán, ó wá bi mí pé, "Dádì, ṣé ìyá Àjàyí náà pè é bẹ́ẹ̀?" N kò rí èsì fọ̀. Àròkọ yìí ni ìgbìyànjú mi láti dá a lóhùn, kí n sì bi àwa oníwàásù léèrè bóyá a ti ka ìwé tí à ń fi wàásù.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà

Ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837 ni Crowther kọ ọ́ láti Fourah Bay ní Sierra Leone sí Àlùfáà William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ C.M.S. ní London. Ẹ jẹ́ ká fi ọdún yẹn sọ́kàn dáadáa. Olùkọ́ lásán ni nígbà náà. Ọdún mẹ́fà ṣì kù kó tó di àlùfáà, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì ṣì kù kí wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ó ti tó bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó ti fojú kan ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó ròyìn bí ogun ṣe wọ Òṣoògùn ní 1821, nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ sáré wá kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ọmọ náà kò tún rí i mọ́. Wọ́n fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjì, tí ọ̀kan ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Wọ́n kó wọn dé Ìsẹ́yìn, wọ́n fi òun pààrọ̀ ẹṣin. Láti ibẹ̀, ó ń ti ọwọ́ olówò kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Nígbà kan tábà àti ọtí ni iye rẹ̀. Ó sọ pé nígbà tí ẹ̀rù ń bà òun pé wọ́n fẹ́ tà òun fún àwọn Potogí, òun gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ìdí òun gba ẹ̀mí ara òun, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Èkó ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ẹrú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gbà wọ́n sílẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà wọ́n gúnlẹ̀ sí Sierra Leone. Wọ́n ṣèrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825.

Nínú ìtàn yìí ni gbólóhùn tí à ń lò wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà, ó pe ọjọ́ tí ogun wọlé ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì fi kún un pé wọ́n ti wá kọ́ òun, ní ọ̀nà mìíràn, láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún.

Ọ̀rọ̀ méjì tí à ń fò

A máa ń mú "ọjọ́ ìbùkún", a sì ń fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni a ń fò, inú àwọn méjèèjì sì ni ẹ̀kọ́ Crowther wà.

Èkíní, ó ní wọ́n kọ́ òun. Kò sọ pé bí òun ṣe rí i lọ́jọ́ náà nìyẹn, kò sì sọ pé ìjìyà fúnra rẹ̀ ló là òun lójú. Nígbà tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀, kò sí ìtumọ̀ kankan níbẹ̀. Ikú ló ń wá. Lẹ́yìn tó gbọ́ ìhìnrere ni ojú rẹ̀ tó padà sẹ́yìn wo ọ̀nà tó ti rìn. Ẹ̀kọ́ tó dé lẹ́yìn ni, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa ń fẹ́ kí ẹni tí òkú ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé kọ́ ẹ̀kọ́ náà kí a tó padà láti itẹ́ òkú.

Èkejì, ó ní ní ọ̀nà mìíràn. Èyí ni pé ọ̀nà kan ṣì wà tí ọjọ́ náà fi jẹ́ ọjọ́ ìbànújẹ́ títí dìgbà tó ń kọ̀wé. Kò pa orúkọ kìíní rẹ́ kó tó kọ èkejì. Orúkọ méjèèjì dúró ti ara wọn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí a bá yọ ọ̀kan, a ti yí ẹ̀rí ọkùnrin náà padà.

Ṣé ẹnu àwọn olóore rẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀?

Olùkàwé tó fara balẹ̀ lè béèrè bóyá nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Crowther ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ olówò ẹrú, wọ́n kọ́ ọ níwèé, ọ̀gá nínú wọn ló sì ń kọ̀wé sí. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ ká sá fún un. Òtítọ́ ni pé èdè ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wà nínú lẹ́tà náà, pàápàá níbi tó ti ń sọ nípa ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọ̀wé kìkì láti tẹ́ olóore lọ́rùn kò ní kọ gbogbo ohun tí Crowther kọ. Ó sọ pé nígbà tí wọ́n dé inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ náà rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, wọ́n rò pé ẹran ara èèyàn ni. Wọ́n rí ọta ìbọn ńlá, wọ́n rò pé orí èèyàn ni. Ojú ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ni ó fi wo àwọn olùgbàlà rẹ̀, kò sì bò ó. Ó tún jẹ́wọ́ pé nígbà tí òun rí Potogí tó ra òun nínú ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, òun gbá a lórí, ó sì pe ìwà náà ní ìwà ìkà. Ọmọ tí wọ́n tà bí ẹran, ó dàgbà tán, ó ń bẹnu àtẹ́ lu ara rẹ̀ nítorí pé ó lu ẹni tó rà á. Mo gbà pé ibí yìí ni iṣẹ́ oore-ọ̀fẹ́ ti hàn jù nínú gbogbo lẹ́tà náà, ju ibi tó ti dárúkọ ìbùkún lọ. Ẹ̀kọ́ náà ti wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe orí ahọ́n nìkan ló wà.

Ibi tí lẹ́tà náà kò dé

Síbẹ̀, ààlà wà fún ẹ̀rí yìí, ó sì yẹ kí alárìíwísí fi ìka tọ́ ọ. Ẹni tí a gbà là ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó kú ní Òṣoògùn kò kọ lẹ́tà. Lásìkò kan náà, ọkọ̀ tí Myrmidon àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá pàdé ń kó àwọn ọmọ Yorùbá lọ sí Bahia àti Cuba. Bí ìtumọ̀ ìjìyà bá jẹ́ pé ó gbé èèyàn dé ibi tó dára, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí kò gbé débì kan? Bí Crowther bá fi ọjọ́ náà ṣe ìbùkún fún ara rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ṣe ìbùkún fún bàbá rẹ̀ tó padà sójú ìjà. Kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa là ń ṣe é, tí a bá gba ẹ̀rí ẹnì kan tí a sì sọ ọ́ di òfin fún gbogbo èèyàn.

Ìgbẹ̀yìn ayé Crowther pàápàá kò bá ìwàásù wa mu. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere dójú tì í ní Onitsha nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ Ọya, nígbà tó ti di arúgbó. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891, kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Bí ipò bíṣọ́ọ̀bù bá ni ìtumọ̀ okùn ọrùn rẹ̀, kí ni ìtumọ̀ ìtìjú ọjọ́ ogbó rẹ̀? Ìrètí tí a gbé ka orí ipò, ìgbà tí ipò bá mì ni yóò wó.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ

Crowther kan náà ló túmọ̀ Ìwé Róòmù sí èdè wa, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1850. Ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù ní orí karùn-ún, pé ìpọ́njú a máa bí sùúrù, sùúrù a máa bí ìrírí, ìrírí a sì máa bí ìrètí, ọwọ́ ẹni tó ti ru okùn rí ló ti dé ẹnu wa. Ẹ kíyè sí i pé àtẹ̀gùn ni. Pọ́ọ̀lù kò fò láti orí ìpọ́njú sí orí ìrètí.

Bákan náà ni Róòmù 8:28, tí à ń kà níbi ìsìnkú. Kò sọ pé ohun gbogbo dára. Ó sọ pé Ọlọ́run ń mú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere. Ẹsẹ méjì péré ló sì ṣáájú rẹ̀ tí Pọ́ọ̀lù fi sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ fúnra rẹ̀ ń kérora pẹ̀lú wa nígbà tí a kò mọ bí a ó ṣe gbàdúrà. Àwa tí à ń pe ara wa ní ọmọ Ẹ̀mí, a mọ Ẹ̀mí tí ń fọ èdè, a mọ Ẹ̀mí tí ń lé èṣù jáde. Ta ni ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nípa Ẹ̀mí tí ń kérora? Jósẹ́fù ní Jẹ́nẹ́sísì 50 kò sọ fún àwọn arákùnrin rẹ̀ pé wọn kò ṣe ibi. Ó ní ibi ni wọ́n gbèrò. Ire ni Ọlọ́run gbèrò. Jésù mọ̀ pé òun yóò jí Lásárù, síbẹ̀ ó sunkún. Nígbà tó sì jíǹde, àpá ìṣó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àjíǹde ṣẹ́gun ọgbẹ́ náà, kò sì sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Ìrètí Kristẹni kò wá láti inú ìjìyà, bí ẹni pé ìjìyà ní oore kan nínú. Ọ̀dọ̀ Ẹni tó wọ inú rẹ̀ tó sì jáde láàyè ló ti wá. Ìdí nìyẹn tí Crowther fi lè ní ìrètí ní 1837, nígbà tí kò tíì rí ìyá rẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé òun yóò rí i.

Ẹ̀rí nínú ìjọ wa

Ẹ jẹ́ ká wo àsìkò ẹ̀rí nínú ìsìn wa. Ta ni à ń fún ní máíìkì? Ẹni tó ti rí iṣẹ́, ẹni tó ti bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ó dára, ògo ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣì ń dúró, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, ó sì ń kọ́ láti inú ìpatẹ́wọ́ wa pé ìgbàgbọ́ òun kò tíì pé. Lójú ètò wa, lẹ́tà ọdún 1837 kò yẹ fún orí pẹpẹ, nítorí ẹ̀rí tí kò tíì parí ni. Ó tún ní inú rẹ̀ ìjẹ́wọ́ ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀. Crowther kọ ọ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láìbò ó. Mélòó nínú àwọn ọmọ ìjọ wa ló lè sọ irú rẹ̀ fún wa kí ó má di ọ̀rọ̀ ìdájọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ìtúsílẹ̀? Bí wọn kò bá lè sọ ọ́ fún pásítọ̀, ta ni wọn yóò sọ ọ́ fún?

Èsì fún ìyá kan

Mo ti padà lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bi mí léèrè. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Lẹ́yìn náà, mo sọ ohun tí mo rí fún un.

Crowther àti ìyá rẹ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa ọjọ́ náà, kò sọ pé ìyá náà pe nǹkan kan ní ìbùkún. Ó sọ pé ara ìyá òun ń gbọ̀n, pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti rù. Ìyá náà wá ń pe àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é. Níbẹ̀, nínú ayọ̀ yẹn, Crowther dúró láti sọ fún wa pé ìyá àgbà náà ti kú sí oko ẹrú. Kò gbàgbé rẹ̀ nítorí pé inú òun dùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì di Hánà. Ẹni tí ó padà rí ọmọ rẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò sì rí ti wọn.

Nítorí náà, èsì mi fún un ni pé n kò rí i kà níbì kankan pé ìyá Àjàyí pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìbùkún, àti pé Ọlọ́run kò béèrè lọ́wọ́ òun náà kó pè é bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé Jésù tó sunkún níbi ibojì Lásárù kò kánjú jù ú lọ, àti pé ọjọ́ àjíǹde ń bọ̀ tí yóò tún fojú kan ọmọ rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní ìyẹn ni òun lè gbé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọmọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo jókòó, mo ń gbọ́.