Ojú Tó Ń Ka Tẹ́níìsì

Ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní Mushin, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lé. Àmọ́ àwọn díẹ̀ tó jókòó ti tẹ́níìsì ni mo máa ń kan sáárá sí. Wọn kì í wo orúkọ. Bí ẹnìkan ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò, àti orí ilẹ̀ tó ti ń gbá a.

Ẹ wo ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon 1983. Nduka Odizor, ẹni tí wọ́n bí sí Èkó, kojú Guillermo Vilas ará Ajẹntínà, tí wọ́n tò sí ipò kẹrin. Ẹni tó ń ka orúkọ á gbé gbogbo owó lé Vilas. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pápá ni Vilas ti ń jà: á fi sùúrù yí bọ́ọ̀lù kó lè ta sókè, ọgbọ́n tó dùn ún lò lórí pápá amọ̀. Odizor ní tirẹ̀, bó bá ti gbá sáàfù, ó di ìdí àwọ̀n. Lórí koríko Wimbledon, bọ́ọ̀lù ń yára, kì í sì í ta sókè púpọ̀. Agbára ọ̀nì lódò yàtọ̀ sí ti orí ilẹ̀. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor gba mẹ́ta tó kù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ka eré báyìí tán, ìṣirò owó ló kàn. Odds 3.00, ìyẹn kí ṣọ́ọ̀bù san ìlọ́po mẹ́ta owó tí o fi ta bí o bá jẹ, túmọ̀ sí pé, nínú ìgbà 100, ẹni náà gbọ́dọ̀ borí ju 33 lọ kí tẹ́tẹ́ náà tó lérè. Bí àyẹ̀wò rẹ kò bá fi hàn pé ẹni náà lè borí tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí owó sùn sápò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́ irú ojú yìí. Ṣùgbọ́n owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ, ẹ má fi ta tẹ́tẹ́.