Ta Ló Ní Ohùn Gìtá Yìí Tínrín Jù?

Bí ẹ bá tẹ́tí sí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ra gìtá oníná àkọ́kọ́ wọn, ìdájọ́ kan wà tí ẹ ó gbọ́ léraléra: Telecaster ò burú, àmọ́ ohùn ẹ̀ ti tínrín jù. Wọ́n á ní gìtá gidi gbọ́dọ̀ wúwo lọ́wọ́, kí ohùn rẹ̀ sì ki bí ẹ̀kọ tó jinná. A ò fara mọ́ ọn. Lójú tiwa, ohun tí wọ́n ń pè ní àléébù yẹn gan-an ni iṣẹ́ gìtá náà, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ ta jùjú tàbí highlife.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ Leo Fender ní California gbé e jáde. Broadcaster ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é, kó tó di Telecaster lọ́dún 1951. Kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀: pákó pẹrẹsẹ kan ni ara rẹ̀, wọ́n wá fi ìdè irin de ọrùn igi maple mọ́ ọn. Single-coil ni pickup rẹ̀, ìyẹn òòfà tí wọ́n we ìdì wáyà bàbà kan ṣoṣo mọ́. Èyí tó wà nídìí bridge jókòó sínú àwo irin. Okùn rẹ̀ gùn tó íǹṣì 25.5, nígbà tí ti Les Paul ti Gibson kò ju bíi 24.75 lọ. Okùn tó bá gùn jù máa ń le sí i kó tó dé ohùn kan náà. Gbogbo èyí para pọ̀, débi pé bí ìka bá ti kan okùn, ohùn á ta jáde, á dún gooro, á sì tètè kúrò nílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni Gibson gbà. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń fi humbucker sínú Les Paul: ìdì wáyà méjì tí wọ́n so pọ̀ kí wọ́n lè pa ariwo iná. Wọ́n pa ariwo náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn òkè bá a lọ díẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù ki, ó dùn, ó sì ń pẹ́ nílẹ̀. Ẹni tó bá ń dá ta gìtá nínú yàrá yóò fẹ́ràn rẹ̀, a ò sì bá a jà.

Ṣùgbọ́n ṣé inú yàrá ni gìtá fẹ́ gbé ni? Ẹ gbé àwo *Juju Music* tí King Sunny Adé ṣe lọ́dún 1982 sétí. Gìtá tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, oníkálukú ló mú gbólóhùn kékeré tiẹ̀ dání. Gángan ń sọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, bass wà nísàlẹ̀, àwọn elégbè ń gbè. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, gìtá mẹ́ta tí ohùn wọn ki á para pọ̀ di àmàlà, wọn á sì bo gángan mọ́lẹ̀. Tí ohùn wọn bá mọ́, ẹ lè ka gìtá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kódà pedal steel tí Demola Adepoju ń ta níbẹ̀ ráyè na ohùn rẹ̀ gbọọrọ nítorí pé àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ kúkúrú.

Ohùn tó ń ta kì í ṣe àlejò nínú jùjú. Báńjò ni Tunde King ń ta ní Èkó láàárín 1930 sí 1939, ta ni kò sì mọ bí báńjò ṣe ń dún? Nígbà tí àwọn bíi Ayinde Bakare wá gbé iná mọ́ gìtá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ohùn ló ròkè, iṣẹ́ gìtá ò yí padà. Ẹ wo agogo náà. Ó kéré sí dùndún, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó wà.

A ò ní pọ́n ọn kọjá bó ṣe yẹ o. Single-coil máa ń kùn bí oyin tó bá sún mọ́ àwọn iná kan. Bí ẹ bá ṣí tone rẹ̀ tán, ó lè gún etí. Kì í sì í bo àṣìṣe: bí ìka bá ṣì í tẹ̀, gbogbo ilé ló gbọ́. Ìdí tó fi dáa fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ tàbí ìwúwo gbé owó yín lọ. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ amp láìfi distortion sí i. Ẹ wo okùn rẹ̀. Bó bá ti gbó tàbí tó dípẹtà, gìtá tó dáa jù lọ pàápàá á dún bí ẹni tó dì nímú. Kẹ́ ẹ wá ṣí orin jùjú kan lórí fóònù, kẹ́ ẹ ta gìtá náà tẹ̀lé e ní ohùn kékeré. Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ ara yín? Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ gángan? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì báà ṣe Squier, tí í ṣe ọjà olówó pọ́ọ́kú Fender, gìtá yín nìyẹn.