Dígí Tí Kò Ní Lẹ́tà Tirẹ̀

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn fóònù tí a ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀, ọdún 2007 ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn náà ti ṣáájú bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1992 ni ilé-iṣẹ́ IBM ti gbé àwòṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìpàtẹ COMDEX ní ìlú Las Vegas. Frank Canova wà lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ó ṣe é. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1994, ilé-iṣẹ́ BellSouth bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ sì ni Simon. Ó wúwo tó ìdajì kílógíráàmù. Owó rẹ̀ jẹ́ 899 dọ́là fún ẹni tí ó bá bá BellSouth tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Bátìrì rẹ̀ kò gbé ju nǹkan bí wákàtí kan lọ bí a bá ń fi í sọ̀rọ̀. Nǹkan bí 50,000 ni wọ́n rí tà kí ó tó kúrò lórí àtẹ ní oṣù Kejì ọdún 1995.

Lójú oníṣòwò, Simon kò mú èrè wá. Lójú lámèyítọ́, ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé kò ní àtẹ bọ́tìnnì. Bí ẹni tí ó ni ín bá fẹ́ pe ènìyàn, nọ́ńbà á yọ lójú dígí. Bí ó bá fẹ́ kọ̀wé, lẹ́tà á yọ. Ó lé ní ọdún 12 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2007, tí Steve Jobs fi iPhone han aráyé ní San Francisco. Èrò yìí gan-an ni ó fi gbèjà iṣẹ́ ọwọ́ Apple: bọ́tìnnì oníke tí a ti kàn mọ́ fóònù kò ṣeé yí padà mọ́ nígbà tí fóònù bá ti dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n ojú dígí lè di ohunkóhun tí iṣẹ́ bá ń fẹ́.

Ìlérí ńlá ni èyí jẹ́ fún èdè bíi Yorùbá. Láti ìgbà ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí àkọtọ́ ní Èkó ní ọdún 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, àwọn àgbà jíròrò gidigidi lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa kọ èdè wa. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá jókòó ti taipuráítà, ẹ̀rọ náà ni ó ń pàṣẹ. Taipuráítà tí a ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Akọ̀wé á tẹ lẹ́tà tán, á yọ bébà, á wá fi bírò sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí iṣẹ́ bá ká mọ́ a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Dígí tí kò ní lẹ́tà tirẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó mú ìyà yìí kúrò.

Ǹjẹ́ ó mú un kúrò? Kò tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fóònù olójú dígí dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ní Kétu àti Ìkọ̀sí, àtẹ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bá lójú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lára taipuráítà. Ohun mìíràn tún wà lábẹ́lẹ̀. Unicode ni ètò tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dá a mọ̀. Lẹ́tà ẹ àti ọ ní nọ́ńbà níbẹ̀, àárín àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni wọ́n sì tò wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀: a ní láti mú ẹ, kí a tún mú àmì ohùn, kí a so wọ́n pọ̀. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ̀ ọ́n so, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí àpótí òfìfo yọ dípò lẹ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà Mile 12 ní Kọ́sọ́fẹ́, níbi tí ọkọ̀ ti ń já tòmátì, ata àti àlùbọ́sà láti òkè Ọya. Bí oníbàárà bá tẹ "ewa" ránṣẹ́ sí aláte, ẹ̀wà tí a ń sè ni, àbí ẹ̀wá tí í ṣe iye, àbí ẹwà tí a ń rí lára ọmọge? Àwọn kan á ní ọjà ni wọ́n wà, aláte á mọ̀. Òótọ́ ni, àyíká ọ̀rọ̀ ń gba òǹtajà là. Ṣùgbọ́n kò gba akéwì là, kò sì gba ọmọ ilé-ìwé tí ó jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ni ó ti ń rí Yorùbá lẹ́yìn kíláàsì. Ohun tí ọmọ bá ń rí lójoojúmọ́ ni yóò gbà pé ó tọ̀nà. Bí ó bá pẹ́, àmì ohùn á di ohun tí ó jẹ́ ti olùkọ́ nìkan.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti ọdún 2013 tí WhatsApp ti gba àwọn ènìyàn láyè láti fi ohùn ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ti fi lẹ́tà sílẹ̀ pátápátá. A kò lè bú wọn: ohùn ẹnu kì í gbàgbé àmì, ẹni tí kò mọ ìwé náà sì ní ìpín níbẹ̀. Síbẹ̀, èdè tí a ń sọ lórí fóònù ṣùgbọ́n tí a kì í kọ níbẹ̀ ti ń pàdánù ibi tí ìwé rẹ̀ ì bá ti máa dàgbà.

Ẹ̀wẹ̀, ìlérí dígí náà kì í ṣe irọ́. Ọ̀mọ̀wé Túndé Adégbọlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Alt-i, ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ kí ẹ̀rọ lè gbọ́ èdè wa, kí ó sì lè kọ ọ́. Gboard tí Google ṣe ti ní àtẹ Yorùbá báyìí, tòun ti ẹ, ọ, ṣ. A kò ta fóònù kankan nù kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Dígí náà kàn gba lẹ́tà tuntun ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣe é ti sọ. Ìyẹn ni ìyìn tí ó tọ́ sí wọn. Àléébù ibẹ̀ ni pé dígí tí ó lè di ohunkóhun kì í di nǹkan kan fúnra rẹ̀. Èdè tí àwọn tí ó ni ín bá béèrè fún ni yóò yọ lójú rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá béèrè fún, Gẹ̀ẹ́sì á gba ipò rẹ̀ láìjà.

Nítorí náà, ẹjọ́ ti kúrò lọ́rùn ẹ̀rọ, ó ti bọ́ sí ọrùn tiwa. Fífi àtẹ Yorùbá sórí fóònù kò gba owó, kò sì gba àkókò. Olùkọ́ èdè tí kò bá tíì ṣe é lórí fóònù tirẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fa ìlà pupa sábẹ́ "ewa" nínú ìwé ọmọ ẹlòmíràn.