Ìlà wo ló dojú kọ igun?

Ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ẹni tó ti ṣe WAEC mọ̀ ni mo fẹ́ pè lẹ́jọ́ lónìí: SOHCAHTOA.

Ọmọ aládùúgbò wa kan ní Òkè-Àdó níbí, tó wà ní SS1, ló gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá. Mo ní ká fi Láyípo ṣe é, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Ààrẹ ní 1936 ní ìrántí Bower. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60. "Ká ní ilẹ̀ tẹ́jú, o wá dúró ní ẹsẹ̀ bàtà 80 sí ìdí rẹ̀. Bí o bá ń wo orí rẹ̀ láti ilẹ̀, dígírì mélòó ni igun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ?"

Ó ka SOHCAHTOA geere, bí ẹni ń kéwì. Ó fi 60 pín 80, ó tẹ calculator, ó ní 53.

Igun 53 wà nínú àwòrán náà lóòótọ́, àmọ́ òkè ló wà. Ẹni tó bá dúró lórí Láyípo ló ni ín. Ti ẹni tó wà nílẹ̀ ni 60 lórí 80, ìyẹn 0.75, tó já sí nǹkan bíi dígírì 37. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 90 ni.

Kò ṣi ìṣirò ṣe rárá. Ibi "O" àti "A" ló ti ṣìnà. Opposite àti adjacent kì í ṣe orúkọ ìlà. Bí "àbúrò" ni wọ́n rí: àbúrò ta ni? Bí o bá kúrò ní igun ìsàlẹ̀ lọ sí tòkè, opposite àná di adjacent. Hypotenuse nìkan ni kì í yí padà, torí igun 90 ló dojú kọ nígbà gbogbo. SOHCAHTOA ò sọ èyí fọ́mọ. Ohun ìrántí lásán ni, àwa la sọ ọ́ di ẹ̀kọ́, ohun tí mo sì bá a wí fún nìyẹn.

Mo wá bi í pé: "Ibo lo dúró sí? Ìlà wo ló dojú kọ ọ́?" Kíá ló nawọ́ sí Láyípo. Ó pa 53 rẹ́ fúnra rẹ̀.

Yorùbá náà lẹ́bi tiẹ̀ o. Kọ̀rọ̀ yàrá ni igun, bí ìlà méjì ṣe yà síra tó náà ni igun. Sọ fọ́mọ pé kó wá igun, ó lè ní "Òun rèé, Bàbá!" Mo fara mọ́ kí á máa sọ pé "bí igun náà ṣe yà tó."

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ló péye jù, kó wo sine. Okùn ọrun ni àwọn ará Íńdíà fi pè é. Àwọn Lárúbáwá yá ìró rẹ̀ lò. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn, wọ́n ṣì í kà sí ìṣẹ́po aṣọ. Àṣìkà yẹn làwọn ọmọ wa ń há sórí.

Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ìṣirò ní 1970, àmọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Irú igun báyìí, ó di girama. Gẹ̀ẹ́sì lọmọ yìí sì máa fi ṣe WAEC. Mo ní kó kọ SOHCAHTOA sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, àmọ́ kó tó kàn án, kó kọ́kọ́ ya ènìyàn kékeré sí igun tó ń wá. Ó ya tàkọ́kọ́, ó de gèlè fún un.